Iná Idẹ tí Bàbá Àgbà Gbé Sá Lọ

Bí Bàbá Àgbà bá wọ ilé ẹnikẹ́ni, àjà ló kọ́kọ́ máa ń wò. Onílé á ti ní "Ẹ káàbọ̀, Bàbá, ẹ wọlé," òun á ṣì gbé ojú sókè, á máa wo ibi tí wáyà ti yọ, ibi tí iná so mọ́, àti bóyá ẹnì kan ti fi téèpù lẹ ohun tó yẹ kó dè dáadáa. Lẹ́yìn náà ni yóò tó rántí pé ènìyàn wà nínú ilé. Ọ̀pọ̀ ará ìjọ wa ní Dublin rò pé àdúrà ló ń gbà sórí ilé wọn. Wọ́n á dúró jẹ́ẹ́ títí yóò fi parí, àwọn mìíràn á tiẹ̀ ṣe àmín.

Ó ti lé ní ọdún kan báyìí tó ti fi wá sílẹ̀. Níbi ìsìnkú rẹ̀, wọ́n ka ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ fún wa: ibi tí wọ́n bí i sí, ilé ìwé tó lọ, iye ọmọ tó bí. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò rí Bàbá Àgbà tèmi nínú rẹ̀. Wọn ò sọ pé ó máa ń jà. Wọn ò sọ pé ó fi sukudiráfà sínú àpò kóòtù lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọn ò sì sọ pé ó jí iná mi ní Phibsborough, ní ọ̀sán gangan, tó sì gbé e wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé.

Iṣẹ́ wáyà ilé ló fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe ní Ìbàdàn. Nígbà tí Màmá Àgbà, ìyàwó rẹ̀, kú ni Mọ́mì, ọmọ wọn, ní kó wá máa gbé lọ́dọ̀ wa ní Mulhuddart, létí Dublin. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí àwa fúnra wa dé ìlú yìí. Kí Bàbá tó dé, mo ti di nọ́ọ̀sì, Yorùbá mi sì ti di èyí tí mò ń gbọ́ tí mo sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn. Bàbá ò gbà. Bí mo bá fi Gẹ̀ẹ́sì bá a sọ̀rọ̀, á fọwọ́ kan etí, á ní bátìrì ti kú, bẹ́ẹ̀ kò lo ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ rí láyé rẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé Yorùbá mi yìí ṣeé kà, bátìrì etí Bàbá Àgbà ni kí ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ sukudiráfà yẹn kì í ṣe àbùmọ́. Èyí tó ní gílóòbù kékeré nínú ẹnu, tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá iná wà nínú wáyà, ni. Ó máa ń yọ jáde ní àpò àyà rẹ̀ níbi tí àwọn àgbàlagbà mìíràn ń fi bíròó sí. Mo bi í lọ́jọ́ kan bóyá òun náà ló fi ń ṣiṣẹ́. Ó ní rárá, ìyẹn wà fún ìkíni. Èyí tó gbẹ́kẹ̀ lé wà nínú báàgì iṣẹ́ rẹ̀, ó ní ẹsẹ̀ méjì, kò sì jẹ́ fi í kan wáyà kankan láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ gbé e lọ síbi tí iná wà dájú, kó rí i pé ó ń dáhùn. Lẹ́yìn náà ni yóò tó fi kan wáyà tí wọ́n ní iná ò sí nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, á tún gbé e padà síbi tí iná wà, bóyá ó ti kú láàárín ìṣẹ́jú méjì yẹn. Ìgbà mẹ́ta fún wáyà kan ṣoṣo. Mo ní, "Bàbá Àgbà, ṣebí àná lẹ lò ó." Ó ní, "Àná nìyẹn. Mi ò tíì gbà á gbọ́ lónìí."

Ṣùgbọ́n ní ìlú yìí, kò fọwọ́ kan iná ẹnikẹ́ni. Ó ti gbọ́ pé àwọn oníṣẹ́ iná tí ìjọba kọ orúkọ wọn sílẹ̀ ló lẹ́tọ̀ọ́ sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, òun ò sì sí lára wọn. Àwọn ará ìjọ bẹ̀ ẹ́ títí. Bàbá Wáyà ni wọ́n ń pè é. "Bàbá Wáyà, ẹ ṣáà bá wa so ó, ta ni yóò mọ̀?" Á tẹ̀ lé wọn délé, á wo àjà, á wo ẹ̀yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì, á sọ ohun tí kò dára fún wọn, á jẹ ìrẹsì wọn, á sì ní kí wọ́n lọ pe ẹni tó ní ìwé. Bí wọ́n bá tún bẹ̀ ẹ́, á gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí ọlọ́pàá dá dúró. "Ojú nìkan ni mo gbé wá," ni yóò wí.

Ó máa ń jà, mo ti sọ ọ́. Àbúrò mi, Tóbi, tí wọ́n bí síbí, ní àṣà kí ó máa fa wáyà gígùn láti pálọ̀ wọ balùwẹ̀, kí fóònù rẹ̀ lè máa gba iná létí ibi tó ti ń wẹ̀. Bàbá kìlọ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan. Nígbà kejì, wáyà yẹn pòórá. A wá a títí, inú àpò ìrẹsì la ti rí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Tóbi ní, "Ah, Grandad, it's grand. It's only a yoke for the phone." Bàbá yí sí mi, ó ní kí n sọ ohun tó wí fún òun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gbọ́ ọ yékéyéké. Mo ní ó ní kò sí wàhálà, nǹkan fóònù lásán ni. Bàbá ní, "Sọ fún un pé balùwẹ̀ la wà yìí. Wàhálà máa ń wá síbẹ̀ wá wẹ̀."

Ìjà rẹ̀ tó lókìkí jù ni ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ilé ìkẹ́rùsí tẹ́lẹ̀ kan láàárín àwọn ilé iṣẹ́ ní Mulhuddart la ti ń ṣe ìsìn, sọ́kẹ́ẹ̀tì ò sì pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n ti ki wáyà sínú wáyà: ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ẹ̀rọ amúlétutù, kẹ́tù tíì àwọn ìyá ìjọ, gbogbo wọn lórí ẹnu kan ṣoṣo lẹ́yìn pẹpẹ. Bàbá wò ó fún ọjọ́ ìsinmi mẹ́ta. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó dìde nígbà tí wọ́n ń ka ìfilọ̀, ó rọra rìn lọ síwájú, ó yọ gbogbo rẹ̀. Ohùn ẹni tó ń ka ìfilọ̀ já. Pásítọ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá bá a, ó ń rẹ́rìn-ín torí pé ojú àwọn ènìyàn wà níbẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa." Bàbá gbé ojú sókè wò ó láti orí ìkúnlẹ̀ tó wà. "Ṣé mo béèrè bóyá ó ń ṣiṣẹ́ ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn kan náà ló fi máa ń dá gbogbo wa lóhùn. Ẹ sọ fún un pé iná ń tàn, á ní ṣé òun béèrè bóyá ó ń tàn ni. Mo rò pé ìfínràn àgbàlagbà ló ń ṣe. Mi ò mọ̀ pé ó níbi tó ti kọ́ ọ, títí di ọjọ́ iná idẹ.

Phibsborough ni mò ń gbé nígbà náà, yàrá kan àti balùwẹ̀ lókè ilé àtijọ́ kan tí wọ́n ti pín fún àwa ayálégbé. Iná tó wà lórí dígí balùwẹ̀ bàjẹ́. Rọ́bà ni ara rẹ̀, ó ti là, ooru omi sì ń wọ inú rẹ̀. Mo kọ̀wé sí onílé, onílé ní òun á wò ó. Nígbà tó wò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì, mo lọ ra tèmi. Ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù kan ni mo ti ń rí iná yẹn nígbàkigbà tí mo bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ láti Tallaght. Idẹ ni, ó ń dán, ó ní apá méjì tó tẹ̀ bí ìwo àgbò. Gbogbo ohun tó wà nínú yàrá yẹn, ti onílé ni, àyàfi aṣọ mi àti iná yìí. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹni fẹ́ràn bàtà tuntun.

Mo pe Bàbá Àgbà lórí fóònù. Mi ò ní kó wá so iná, mo mọ̀ pé kò ní wá. Mo ní kó wá bá mi wo nǹkan kan. Bọ́ọ̀sì méjì ló wọ̀, ó de táì, ó gbé báàgì iṣẹ́ rẹ̀ dání, inú rẹ̀ sì dùn débi pé ó kí mi kó tó wo àjà.

Ó ní, "Níbo ni fíúsì wà?"

Okùn tó rọ̀ láti àjà la fi ń tan iná balùwẹ̀ níbí, òun náà la fi ń pa á. Mo ní, "Mo ti fa okùn, Bàbá Àgbà. Mo ti pa á."

"Okùn pa gílóòbù. Kò pa wáyà. Níbo ni fíúsì wà?"

Inú kọ́bọ́ọ̀dù kékeré tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ni. Ó yọ ti iná, ó fi sínú àpò ṣòkòtò rẹ̀, ó ní kí ẹnikẹ́ni má baà ràn án lọ́wọ́. Ó dán ẹlẹ́sẹ̀ méjì rẹ̀ wò lára sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó fi kan wáyà tó wà lẹ́yìn iná àtijọ́, ó tún padà sára sọ́kẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà ló tú iná àtijọ́ náà kúrò lára ògiri. Ó ní kíkúrò rẹ̀ kì í ṣe síso, òfin ò lè bá òun wí. Ó fi tọ́ọ̀ṣì wo inú ihò náà, ó sì pẹ́ níbẹ̀.

"Mojí, wáyà mélòó lo rí?"

Mo yọjú. Ọ̀kan pupa, ọ̀kan dúdú. "Méjì, sà."

"Ẹnu mélòó ni iná tìrẹ ní fún wáyà?"

Mo yí iná idẹ náà padà. "Mẹ́ta."

"Ó dára. Dá a padà sínú páálí."

Mo rò pé àwàdà ni. Ó ṣàlàyé fún mi lórí ìdúró, bí ẹni ń kọ́ ọmọ ìwé. Wáyà kan ń gbé iná wá, èkejì ń gbé e padà. Ẹ̀kẹta ni wáyà ilẹ̀, aláwọ̀ ewé tó ní ìlà òféèfèé. Ní ọjọ́ tí gbogbo nǹkan bá dára, kò níṣẹ́ kankan. Ṣùgbọ́n bí wáyà bá gbó nínú iná yẹn lọ́jọ́ kan, tí ẹnu rẹ̀ sì kan idẹ, gbogbo ara idẹ á di iná. Bí wáyà ilẹ̀ bá wà, á gbé iná yẹn lọ lọ́gán, fíúsì á já. Bí kò bá sí, fíúsì ò ní mọ nǹkan kan. Idẹ á kàn dúró síbẹ̀, á máa dán, á máa retí ẹni tó máa ti inú omi jáde wá fọwọ́ kàn án.

Mo ní, "Ṣebí méjì náà ni ti tẹ́lẹ̀ ní. Ó ń tàn."

"Ṣé mo béèrè bóyá ó ń tàn ni? Rọ́bà ni ti tẹ́lẹ̀. Idẹ ni ìwọ rà."

Inú ti ń bí mi. Ọjọ́ ìsinmi mi nìyẹn, mo ti fọ dígí, mo ti nu gbogbo ògiri. Mo wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí mo rò pé ọgbọ́n ni. Mo ní, "Bàbá Àgbà, ẹ ṣáà fi ẹnu kẹta yẹn sílẹ̀ lófìfo. Ẹ so méjì tó wà. Kò séwu."

Kò pariwo. Ó wò mí bí ẹni tó gbọ́ ohùn ẹlòmíràn lẹ́nu mi. Lẹ́yìn náà ló yí padà, ó dí ẹnu wáyà méjèèjì dáadáa, ó bo ihò náà, ó dá fíúsì padà. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó nù ún. Ó gbé páálí iná mi sábẹ́ apá, ó ṣílẹ̀kùn, ó sì sọ̀ kalẹ̀ nínú ilé.

Mo kọ́kọ́ rò pé ó fẹ́ lọ wò ó nínú ìmọ́lẹ̀ ìta ni. Ìgbà tí mo gbọ́ pé ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ pa dé ni mo sáré. Sílípáàsì wà lẹ́sẹ̀ mi, òjò sì ń rọ̀ wínníwínní. Mo bá a ní ibùdókọ̀, bọ́ọ̀sì ti ṣílẹ̀kùn.

"Bàbá Àgbà, tèmi ni iná yẹn."

"Mo mọ̀," ló wí. "Ìdí tí mo fi ń gbé e lọ nìyẹn."

Mo pe Mọ́mì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo ní, "Mọ́mì, Bàbá jí iná mi." Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣé onírin ni?" Mo ní idẹ ni. Ó ní, "Ṣé ti balùwẹ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Lẹ́yìn náà ló ní, "Jẹ́ kó máa gbé e lọ," ó sì pa fóònù.

Mi ò jẹ́ kó máa gbé e lọ. N kò ní parọ́ fún yín. Bùródà kan wà ní ìjọ wa tó máa ń so ohunkóhun tí ẹ bá gbé fún un. Mo bá a sọ̀rọ̀, ó ní, "Sister, ten minutes. Just bring it." A fi í sí ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn. Ní àárọ̀ Sátidé, mo lọ sí Mulhuddart láti lọ gba iná mi padà. Mo ti to gbogbo ọ̀rọ̀ mi jọ nínú bọ́ọ̀sì, ní Yorùbá, kó má baà sọ pé bátìrì ti kú.

Ó ń mu tíì ní kíṣíìnì. Kò jẹ́ kí n sọ ìkankan nínú rẹ̀. Ó ní, "Jókòó. Ṣé o rántí ọwọ́ ìyá mi àgbà?" Bó ṣe máa ń pe Màmá Àgbà nìyẹn, ìyàwó rẹ̀, bí ẹni ń ṣe yẹ̀yẹ́.

Ta ni kò ní rántí? Ìka ọwọ́ ọ̀tún Màmá Àgbà ká sínú, kò ṣeé nà. Ọwọ́ òsì ló fi ń fún wa ní súìtì nígbà tí a wà ní kékeré, ọwọ́ òsì ló fi ń gba owó lọ́wọ́ oníbàárà rẹ̀, ó sì máa ń tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹni gbogbo, títí kan ọmọdé: "Ẹ má bínú sí ọwọ́ òsì mi o." Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, á ní òun ṣubú ni. Ohun tí gbogbo wa mọ̀ nìyẹn. Ó ṣubú.

Bàbá Àgbà ní, "Kò ṣubú."

Ó ní ilé àwọn ní Ìbàdàn, òun fúnra òun lòun wáyà rẹ̀, ní ìgbà tí òun ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Oníbàárà kan fún òun ní iná onírin kan tó dára, òun sì gbé e kọ́ sórí dígí balùwẹ̀ fún ìyàwó òun. Ẹnu mẹ́ta ló ní. Wáyà méjì ló wà lára ògiri. Òun so méjì. Màmá tẹ súíìsì, iná tàn, ó pàtẹ́wọ́. Ọdún méje ló fi ń tàn. Ní ọdún keje, wáyà inú rẹ̀ gbó, kò sì sẹ́ni tó mọ̀. Màmá wẹ̀ tán, ó fẹ́ fi ọwọ́ tútù nu eruku ara iná náà.

Ó ní, "Iná gbá ọwọ́ rẹ̀ mú. Kò lè ké. Korobá tó ṣubú ni ìyá rẹ gbọ́. Ọmọ iléèwé ni nígbà náà. Ó sáré dé ẹnu ọ̀nà, ó rí ìyá rẹ̀, ó sì sáré kọjá lára rẹ̀ lọ pa fíúsì. Kò fọwọ́ kàn án. Ká ní ó fọwọ́ kàn án, àwọn méjèèjì ni mi ò bá bá nílẹ̀. Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Mo kọ́ ọ ní ìyẹn, èmi fúnra mi ò so wáyà kẹta."

Ó ní Màmá ló sọ pé kí àwọn máa sọ pé òun ṣubú. Màmá ní bí àwọn ènìyàn bá gbọ́ pé iná tí ó so sílé ara rẹ̀ ló mú ìyàwó rẹ̀, ta ni yóò tún gbé iṣẹ́ fún un? Bẹ́ẹ̀ ni Bàbá ṣe padà lọ sí gbogbo ilé tó ti wáyà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó ń ri ọ̀pá bàbà mọ́lẹ̀, tó ń fa wáyà ilẹ̀ wọlé, tó ń sọ fún wọn pé òun gbàgbé nǹkan ni. Àwọn mìíràn lé e jáde. Wọ́n ní iná àwọn ń tàn, kí ló tún ń wá?

Mo sunkún, mi ò ní tijú sọ ọ́. Mo sunkún nítorí gbogbo súìtì tí mo fi ọwọ́ ọ̀tún gbà lọ́wọ́ òsì Màmá Àgbà, tí mò ń rò nínú ara mi pé ó ń fojú tẹ́ńbẹ́lú mi. Mo pe Bùródà yẹn, mo ní kó má wulẹ̀ wá. Bàbá ò bi mí ìdí tí mo fi ti pè é tẹ́lẹ̀. Ó kàn tún tíì bù fún mi. "Mo fẹ́ sọ ọ́ lọ́la," ló wí.

Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí wọ́n ní kí àwọn tó ní ẹ̀rí jáde wá, Bàbá Àgbà gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ẹ mọ bí ẹ̀rí ṣe máa ń rí: ìwé ìgbélùú jáde, iṣẹ́ dé, ará yá. Gbogbo ìjọ ti múra àtipàtẹ́wọ́. Bàbá ní, "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa pé mi ò pa ìyàwó mi." Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ìkankan pamọ́, ó ní Màmá kò ṣubú, ó ní òun jẹ́ kó parọ́ nítorí òun títí ó fi kú. Lẹ́yìn náà ló ní kí gbogbo ẹni tó ní iná onírin ní balùwẹ̀ nawọ́ sókè. Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá kí òun ṣe àmín tàbí kí òun nawọ́. Àwọn kan ṣe méjèèjì.

Mọ́mì ò bá a sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ní àṣírí Màmá ni, Màmá ló fẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ló wá tú u síta fún níwájú àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí? Bí oúnjẹ bá jinná, Tóbi ló máa rán sí i. Ní ọjọ́ kan tí mo wà níbẹ̀, Mọ́mì wá bá a ní kíṣíìnì, ó fajú ro. "Bàbá, ẹ ò bi mí. Èmi náà wà níbẹ̀. Ẹ ò bi mí kẹ́ ẹ tó sọ ọ́." Bàbá ní, "Jọ̀ọ́, dárí jì mí. Ìwọ ló yẹ kí n kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí n tó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọ." Mọ́mì fúnra rẹ̀ ló gbé oúnjẹ fún un lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ṣọ́ọ̀ṣì pe oníṣẹ́ iná tó ní ìwé, ó sì fi sọ́kẹ́ẹ̀tì kún tiwọn. Onílé mi náà padà rán ẹnì kan wá. Ó so iná onírọ́bà kan tó rí bí àwo ìjẹun, etí rẹ̀ dí pinpin kí ooru omi má baà wọlé. Mo ya fọ́tò rẹ̀ sí Bàbá. Ó ní kí n wá àmì kékeré kan lára rẹ̀, àpótí nínú àpótí. Mo rí i. Ó ní àmì yẹn ni pé kò nílò wáyà ilẹ̀, kí n máa wẹ̀ lálàáfíà. Mo ní ó burẹ́wà. Ó ní, "Balùwẹ̀ lo gbé e sí, o ò gbé e níyàwó."

Nígbà tí ara rẹ̀ ò dá mọ́, ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Tallaght ni wọ́n gbé e wá. Mo lọ bá a ní wọ́ọ̀dù lẹ́yìn iṣẹ́, ó ń wo àjà. Ó wo gbogbo ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ó wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ tó ń ka ìlù ọkàn rẹ̀, ó wá mí kanlẹ̀. "Wọ́n ṣiṣẹ́ níbí," ló wí, bí ẹni tó rí ilé tó máa yá. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, oòrùn ràn wọ wọ́ọ̀dù, Mọ́mì di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì lọ ní ìrọ̀rùn. A gbé e padà sí Ìbàdàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá.

Èmi ni mo palẹ̀ yàrá rẹ̀ mọ́. Abẹ́ ibùsùn ni mo ti rí páálí iná idẹ mi. Ó ti fi wáyà ilẹ̀ gígùn kan, aláwọ̀ ewé onílà òféèfèé, sí ẹnu kẹta, ó ti dè é pinpin. Ó so ìwé pélébé kan mọ́ ọn, ó fi àmì sórí gbogbo ọ̀rọ̀ bó ṣe máa ń ṣe kí n lè kà á láìṣì: *Mojí, èyí ni kí wọ́n kọ́kọ́ so.*

Oṣù tó kọjá ni mo kó wọ ilé tèmi ní Tallaght. Mo pe oníṣẹ́ iná kan tó ní ìwé, obìnrin kan tó ń jẹ́ Aoife, Mọ́mì sì wá wo ilé. Aoife fa wáyà tí Bàbá dè, kò yẹ̀. Ó ní, "Whoever did that knew what he was at." Wáyà mẹ́ta ló wà lára ògiri mi. Ti aláwọ̀ ewé ló kọ́kọ́ so. Mọ́mì dúró sẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn, kò wọlé, kò sì lọ.

Aoife dá iná padà, ó fa okùn. Idẹ náà mọ́lẹ̀ lórí dígí. Ó ní, "There you are now. Working away."

Mọ́mì ló dá a lóhùn, kì í ṣe èmi. "Ṣé a béèrè bóyá ó ń tàn ni?"

Aoife wò mí. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òótọ́ ni. Ó mú ẹ̀rọ rẹ̀, ó dán an wò, ó ṣe gbogbo ohun tó yẹ kó ṣe lójú wa, ó sì fi nọ́ńbà tó jáde han Mọ́mì, ó ṣàlàyé pé ìyẹn ni pé ọ̀nà wà láti ara idẹ dé ilẹ̀. Mọ́mì gbọ́ ọ tán. Ó wá wọ inú balùwẹ̀, ó dúró níwájú dígí. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè, ó gbé e lé apá iná náà, ó sì fi í síbẹ̀.

"Ó tutù," ló wí.